Báwo ni wọ́n ṣe ń di lọ́yà? T'Èkó yàtọ̀ sí t'òkè òkun

Lọ́yà tẹ́ ẹ rí láàárọ̀ ní kóòtù Ìkẹjà, tó wọ wíìgì pẹ̀lú gáùnù dúdú nínú ooru, òun kan náà lẹ máa bá ní Aláùsá tó bá dọ̀sán, ó ń ṣe search lórí ilẹ̀ Ìkòròdú tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ rà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e àbí ọmọ onílẹ̀ ti tà á fún ẹlòmíì, tó bá tún dalẹ́ á jókòó kọ àgíríméǹtì fún lańdílọ́ọ̀dù kan ní Sùúrùlérè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. L'Ékòó kò sẹ́ni tí ìyẹn ń yà lẹ́nu, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé London, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sábà máa ń pín iṣẹ́ yẹn ṣe.

Níbẹ̀, sọ̀lísítọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá. Òun ló ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu yín, òun ló ń bójú tó ilé rírà àti wíìlì, tọ́rọ̀ bá wá di ti kóòtù gíga, òun náà ló máa wá bárísítà tó máa dìde sọ̀rọ̀ (àwọn sọ̀lísítọ̀ kan wà tó ti gba àṣẹ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o, àmọ́ wọn ò pọ̀ tó bárísítà). Látọdún 2021, ẹni tó fẹ́ ṣe sọ̀lísítọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní SQE, apá méjì ni, á sì ní ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì. Ẹni tó fẹ́ ṣe bárísítà ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kan nínú Inn mẹ́rin (ẹgbẹ́ àwọn bárísítà) tó wà ní London, ìyẹn Lincoln's Inn, Gray's Inn, Inner Temple àti Middle Temple, á wá lo ọdún kan lábẹ́ bárísítà àgbà kó tó lè dá dúró. Dídá dúró yẹn náà ni kókó. Ọ̀pọ̀ bárísítà ibẹ̀ kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn jọ ń san owó ọ́fíìsì àti ti akọ̀wé ni, débi pé bárísítà méjì tó wà ní chambers (ọ́fíìsì tí wọ́n jọ ń lò) kan náà lè dojú kọ ara wọn nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo kẹ́nikẹ́ni má sì rí i bí ọ̀dàlẹ̀. L'Ékòó ńkọ́? Chambers wa ní ọ̀gá, ó ní junior tó ń gba owó oṣù, ẹjọ́ ọ̀gá sì ni ẹjọ́ gbogbo wọn.

Báwo ni tiwa ṣe wá rí báyìí? Christopher Sapara Williams tí ẹbí rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà gba àṣẹ bárísítà ní Inner Temple lọ́dún 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 1888. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, London làwọn ọmọ wa ń lọ, bárísítà lọ̀pọ̀ wọn sì kọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá padà dé, iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń ṣe torí lọ́yà ò pọ̀. Wàhálà ibẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló padà dé tí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ ẹbí sí níwájú, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní London pé tí olórí ẹbí ò bá fọwọ́ sí títa ilẹ̀, owó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹ wo iye ẹbí tó ti jagun lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó! Lọ́dún 1959 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Unsworth tó jẹ́ Attorney-General nígbà yẹn, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ òfin ní yunifásítì nílé, kí wọ́n sì dá Law School, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, sílẹ̀ l'Ékòó. Òfin rẹ̀ jáde lọ́dún 1962, Law School sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963. Olú ilé rẹ̀ ti lọ sí Bwari l'Ábújá báyìí, àmọ́ ti Èkó ṣì wà ní Ozumba Mbadiwe, ní Victoria Island.

Ọdún márùn-ún ni LL.B, ìyẹn dìgírì òfin, fún ẹni tó gba JAMB wọlé, lẹ́yìn náà Law School. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn, ẹjọ́ aráàlú síra wọn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé, ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnì, àti ìwà tó yẹ lọ́yà. Wọ́n á rán yín lọ jókòó ní kóòtù, wọ́n á rán yín lọ sí law firm. Dinner náà wà, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Inn yẹn wá, tẹ́ ẹ máa wọ dúdú àti funfun, tẹ́ ẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti àgbà lọ́yà. Dinner yẹn dáa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti ilé yẹn gan-an ló jẹ́ kí Law School níye lórí, torí òun ni London ò lè fún wa. Ẹni tó bá yege, Body of Benchers, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin, á pè é sí bar (ìyẹn ni pé wọ́n á gbà á síṣẹ́ lọ́yà), á sì lọ fọwọ́ síwèé ní Supreme Court, bárísítà àti sọ̀lísítọ̀ pa pọ̀.

Ní Jámánì, bí adájọ́ ni wọ́n ṣe ń tọ́ gbogbo wọn, ìbáà ṣe lọ́yà ló fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn yunifásítì, ìdánwò ìjọba àkọ́kọ́ ló kàn, tẹ́ni bá fìdí rẹmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ọdún méjì ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ adájọ́, lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, ní ọ́fíìsì ìjọba, lọ́dọ̀ lọ́yà, kó tó wá kan ìdánwò kejì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nǹkan tí wọ́n ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ nìyẹn, kí wọ́n gbé ẹjọ́ yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n sì kọ ohun tí adájọ́ máa kọ. Ọ̀dọ́ tó bá yege dáadáa lè bọ́ síbẹ̀ ṣe adájọ́ tààrà, nígbà tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ wa, ó gbọ́dọ̀ tó ọdún mẹ́wàá téèyàn ti di lọ́yà kó tó lè ṣe adájọ́ High Court.

Amẹ́ríkà ní tiwọn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba dìgírì nínú nǹkan míì, ìbáà ṣe bàólọ́jì, kẹ́ ẹ tó wọ law school fún ọdún mẹ́ta. Kò sí wíìgì, kò sí ìpín bárísítà àti sọ̀lísítọ̀, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tiẹ̀, lọ́yà New York ò lè ṣàdédé lọ ṣiṣẹ́ ní Texas. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́.

Èyí tó wá kan ọ̀pọ̀ òbí l'Ékòó ni pé ìwé àṣẹ yìí kì í bá èèyàn rìnrìn àjò. Ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ gba LL.B ní England, tó bá padà dé, Bar Part I, ìyẹn apá àkọ́kọ́ ní Law School fún ẹni tó kàwé lókè òkun, ló máa kọ́kọ́ ṣe kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kàwé nílé. Lọ́yà Nàìjíríà tó ń lọ London máa ṣe SQE, ṣùgbọ́n wọn ò ní bi í léèrè ìrírí ọdún méjì yẹn. New York náà ń gba ẹni tó ka òfin fún iye ọdún tó tó ní orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ wá látọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyè láti jókòó ṣe ìdánwò wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò fínnífínní. Ti Jámánì ló le jù fún ọmọ wa, èdè Jámánì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò méjèèjì.