Ẹ tún orúkọ yín ṣe kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù JAMB

Gbàrà tí JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, àwọn àgbàlagbà a máa wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ́ni ní lẹ́ṣìn ní Kàbbà. Télọ̀ ń bẹ nínú wọn, ìyá ọlọ́jà ń bẹ, olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni a sì wá láti Ìyàrà tàbí Ìsánlú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé ṣé ọjọ́ orí àwọn kò ti kọjá. Kò kọjá rárá. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 16 ni JAMB ń dá dúró, kò sí gbèdéke fún àgbà. Ìwé mẹ́wàá tí ẹ gbà láti ọdún 1999 náà kò bàjẹ́, kírẹ́díìtì orí rẹ̀ ṣì wúlò.

Ìwé WAEC (ìwé mẹ́wàá náà) àti ìwé NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ni èmi ń béèrè ní tèmi. Mo máa ń tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti sábà máa ń yọjú, pàápàá fún àwọn obìnrin. Orúkọ bàbá ló wà lórí WAEC, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN. Nígbà míì, ọjọ́ ìbí gan-an kò bára mu, torí pé ohun tí ẹni tó ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́ ló tẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín, kò sì sí ọmọ káfé tó lè bá yín yí i. Ó máa ń dùn mí wọra bí ẹni tó fi òru kàwé, tó sì gba máàkì tó dáa, bá pàdánù ààyè rẹ̀ nítorí orúkọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, kí ẹ tún un ṣe kí ó bá ti WAEC mu. Ti ọjọ́ ìbí ló nira jù, torí wọn yóò béèrè ìwé láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye ènìyàn. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, má-jẹ̀ẹ́-ó-pẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni ti kírẹ́díìtì. Márùn-ún ni, Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba àpapọ̀ ìdánwò méjì, nítorí náà ẹ gbájú mọ́ èyí tó kù nìkan nínú GCE tàbí NECO, àwọn ìdánwò ìwé mẹ́wàá míì. Yorùbá lè wà nínú márùn-ún náà bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ bá gbà á, àmọ́ kí àwa ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, má fojú di í. Owé tàbí Ìyàgbà tí à ń sọ nílé kọ́ ni wọ́n ń bi wá níbẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò ni, tòun ti àmì ohùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti ní NCE, ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kí lẹ ń bá àwọn ọmọdé jókòó ṣe UTME, ìdánwò JAMB, sí? Fọ́ọ̀mù Direct Entry ni tiyín, ọdún kejì ni ẹ ó sì bá wọlé. Ẹni tí kò sì lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó wo NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti lè kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé, tó ní ibùdó ní Lọ́kọ́já. Wọn kì í béèrè UTME, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún náà. NOUN yìí ni Olóyè Ọbásanjọ́ ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 2018, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Bó bá jẹ́ UTME ni ẹ ó ṣe, ìbéèrè 180 ni ẹ ó dáhùn láàárín wákàtí méjì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan kó 60 nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí télọ̀ tó mọ ìdáhùn, tí máòsì sì ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí ẹ lo máòsì. Ẹ tẹ A, B, C tàbí D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. S ló ń parí ìdánwò, torí náà ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi yẹ gbogbo iṣẹ́ yín wò.