Ọgbà irin ni, kì í ṣe òkìtì ìwé

Ẹnìkan fi ìtumọ̀ "sheet pile retaining wall", ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ilẹ̀ má baà ya, ránṣẹ́ sí mi ní Kubwa níbí, ní Àbújá: "ògiri ìdádúró olókìtì ìwé." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òkìtì wo? Ìwé ta ni? Ó ṣí atúmọ̀-èdè, ó he èyí tó kọ́kọ́ rí, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìdádúró sì rèé, létí tèmi, ohun tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó kówó jẹ ni.

Àwọn ará sáìtì ń pè é ní ṣíìtì páìlì. Mi ò bá wọn jà, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwa tá à ń kọ̀wé la ò ní àwíjàre.

Ọgbà irin ni mo pè é. Wọ́n ní kí ló dé tí kì í fi í ṣe ògiri. Ẹ gbọ́: ògiri, mímọ là ń mọ ọ́n, à ń tò ó léra láti ilẹ̀ lọ sókè. Ọgbà, sísọ là ń sọ ọ́: ẹ gbá igi kan wọlẹ̀, ẹ gbá òmíràn tẹ̀ lé e. Bí ti irin yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀rọ ló ń gbá a wọlẹ̀, etí ọ̀kan á há sínú etí èkejì bí ẹni fi ìka kọ́ ìka. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á tó gbẹ́ ilẹ̀ iwájú rẹ̀, kí tẹ̀yìn má baà ya wọ inú kòtò. Láti 1902 ni ẹnjiníà Tryggve Larssen ti gbé èyí tó tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀ jáde ní Bremen, ní Jámánì.

Kí ló ń mú un dúró? Ẹ wo èèkàn àgbò Iléyá. Àgbò ń fa òkè, ìsàlẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló ń bá a du ú. Ẹ kàn án mọ́lẹ̀ ní ìka mẹ́rin péré, ẹ ó wá àgbò yín dé Dutse. Bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, èyí tó jìn gan-an lè mì. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà irin ni àgbò yẹn, omi tó bá sé síbẹ̀ á tún máa tì í. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ tó ga ní mítà 3 fi lè gba irin tó wọlẹ̀ ju mítà 3 lọ. Èyí tí wọ́n fi irin so mọ́ ẹ̀yìn ńkọ́? Ọgbà irin náà ni, wọ́n kàn fún un lókùn.

Ará Àbújá á ní òun kì í sábà rí i. Òótọ́ ni. Àpáta ò jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ wa, irin tó bá pàdé rẹ̀ á ká lẹ́nu. Òkúta inú àwọ̀n wáyà tàbí kọnkéré la sábà ń lò. Iyanrìn etí odò ló mọ ọgbà irin lára.

Ọ̀gá kan ní Gwarinpa ta kò mí, ó ní bí òun bá ti gbọ́ "ọgbà", ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa ń wá sí òun lọ́kàn. Mi ò bi í ní ìdí.