Ìlú orí òkè kì í ṣe ọ̀tá gbogbo asáré

Bí ìdíje bá ti bọ́ sí ìlú orí òkè, ẹ ó máa gbọ́ ọ pé, "Kò sí ọ́síjìn níbẹ̀, ta ló fẹ́ sáré?" Ọ́síjìn wà níbẹ̀ o. Ìdá 21 nínú 100 tó wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó náà ló wà nínú ti Mexico City, tó fi nǹkan bíi 2,240 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló fúyẹ́. Agbára tó fi ń tẹ nǹkan kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti etí òkun lọ, ìyẹn ni èémí téèyàn ń mí sínú kì í fi í kó ọ́síjìn púpọ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí eré tiẹ̀ gùn nìyẹn máa ń dùn. Nígbà Òlíḿpíìkì 1968 níbẹ̀, Ron Clarke ará Ọsirélíà ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé 10,000 mítà, 27:39 (ìṣẹ́jú 27 àti ìṣẹ́jú àáyá 39). Ipò kẹfà ló ṣe, ó sì dákú lẹ́yìn tó kọjá ìlà. Orí ilẹ̀ ni dókítà ti fún un ní ọ́síjìn. Kódà Naftali Temu ọmọ Kenya tó gba wúrà, 29:27 ló sá a.

Ọ̀rọ̀ eré kúkúrú yàtọ̀. Agbára tó wà nípamọ́ nínú iṣan ni asáré 100 mítà ń ná, kò dúró de ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í sì í dí i lọ́nà púpọ̀. Ní Òlíḿpíìkì yẹn náà, Jim Hines sá 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.95. Lee Evans sá 400 mítà ní 43.86, ó di 1988 kẹ́nì kan tó borí ìyẹn. (Evans yìí náà ló wá di kóòṣì àwọn asáré Nàìjíríà, Èkó ló kú sí lọ́dún 2021.) Bob Beamon ní tiẹ̀ fo 8.90 mítà nínú ìdíje fífò jìnnà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn fífò ò dé ibi tó bọ́ sí, ni wọ́n bá lọ wá téèpù. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ ló bá a fò ó. Mi ò gbà: inú afẹ́fẹ́ kan náà ni Klaus Beer, tó ṣe ipò kejì, ti fo 8.19.

Àwọn mìíràn tún gbà pé kéèyàn ṣáà fi ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú débẹ̀, ara á mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀: kíndìnrín ní láti kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun kó tó pèsè ẹ̀jẹ̀ pupa sí i, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn sì ń gbà. Kip Keino ò nílò ìyẹn, orí òkè Kenya ló dàgbà sí. Nínú 1,500 mítà ọdún 1968 yẹn, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 ló fi ṣáájú Jim Ryun, ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé.