Ẹ Bi Tíọ́rì Léèrè: Báwo Lo Ṣe Mọ̀?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sàíkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, máa ń há orúkọ àwọn onímọ̀ sórí: Freud ló sọ èyí, Skinner ló sọ tọ̀hún, Piaget ló ni ti ọmọdé. Kò burú, ó wúlò fún ìdánwò. Èmi a máa ní kí wọ́n bi tíọ́rì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àlàyé tí onímọ̀ ṣe nípa bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀, léèrè pé: báwo lo ṣe mọ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìrántí. Ọ̀pọ̀ gbà pé ohun tójú bá rí, ọpọlọ á pa á mọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Elizabeth Loftus àti John Palmer yẹ èyí wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1974. Wọ́n fi fíìmù kúkúrú kan, níbi tí ọkọ̀ ti forí sọra, han akẹ́kọ̀ọ́ 150. Wọ́n bi 50 pé báwo ni eré ọkọ̀ náà ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n gbá ara wọn. Fún 50 mìíràn, wọ́n yí "gbá" padà sí "rún mọ́ra". Wọn ò bi 50 tó kù ní nǹkan kan nípa eré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Gíláàsì kankan ò fọ́ nínú fíìmù yẹn. Síbẹ̀, 16 nínú àwọn tó gbọ́ "rún mọ́ra" ní àwọn rí i. 7 nínú àwọn tó gbọ́ "gbá". 6 nínú àwọn tí wọn ò bi.

Àwọn tí wọn ò bi yìí ni mo fẹ́ràn jù. Láìsí wọn, à bá rò pé "gbá" ló kó bá àwọn 7 yẹn, bẹ́ẹ̀ iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣì ń rí gíláàsì láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Fíìmù kan náà ni gbogbo wọn wò, ọ̀rọ̀ kan ló yàtọ̀. Ìyẹn la fi lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ló fà á. Àmọ́ o, wíwo fíìmù kì í ṣe ìjàǹbá gidi.

Ìwádìí oníbéèrè, níbi tí a kàn ti ń bi àwọn èèyàn nípa ara wọn láìyí nǹkan kan padà, kò lè sọ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá fi hàn pé àwọn tí kì í sùn dáadáa ló ń ṣàníyàn jù, àìsùn lè fa àníyàn, àníyàn lè lé oorun lọ, ìṣòro mìíràn sì lè fa méjèèjì.

Ti Freud le díẹ̀. Bí aláìsàn bá gba àlàyé tí àwọn tó ń tẹ̀ lé Freud ṣe nípa ohun tó fara pamọ́ sínú ọkàn rẹ̀, wọ́n á ní àlàyé náà tọ̀nà. Bó bá kọ̀, wọ́n á ní ó ń sá fún òótọ́. Kí ló wá kù tó lè já irú tíọ́rì bẹ́ẹ̀ ní koro?