Kí Ẹ Tó Gbé Páálí Ìbuwọ́lù Wá Bá Lọ́yà

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé lọ́dún yìí tí àwọn èèyàn á wọ ọ́fíìsì mi tìbínútìbínú, wọ́n á na fóònù sí mi kí n wo fídíò, wọ́n á ní, "Lọ́yà, sẹ́nétọ̀ wa ti gbé ìbò wa fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ bá wa sọ fún adájọ́ kó lé e wálé." Bí mo bá béèrè pé ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé ńkọ́, ṣé wọ́n ti pè é lẹ́jọ́, wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Bí mo bá béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kà nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní ó wà lórí WhatsApp. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ẹjọ́ ìdìbò, mi ò sì tíì rí adájọ́ tó gba "wọ́n ní" lọ́wọ́ mi.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi iye. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, ọdún 2023, báyìí ni àwọn sẹ́nétọ̀ 109 ṣe pín: APC 59, PDP 36, Labour Party 8, NNPP 2, SDP 2, APGA 1, YPP 1. Nílé kejì, níbi tí àwọn aṣojúṣòfin 360 ń jókòó, APC kò tó ìdajì. Àwọn alátakò kó ara wọn jọ, wọ́n ní bí àwọn bá ṣe ara àwọn lọ́kan, àwọn ni yóò yan olórí ilé. Ọjọ́ ìdìbò pé, Tajudeen Abbas ti APC gba ìbò 353, àwọn méjì tó bá a du ipò náà gba mẹ́ta mẹ́ta. Nílé àgbà, Godswill Akpabio ní 63, Abdulaziz Yari ní 46, APC sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó dáadáa. Iye tí ìwé ìròyìn tẹ̀ jáde lẹ́yìn ìdìbò kò lè sọ fún yín bí ẹnikẹ́ni ṣe máa dìbò nínú ilé yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàápàá, ká má tíì wá sọ ọdún kẹta.

Iye náà fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Kí ọdún 2025 tó parí, 59 APC yẹn ti kọjá 70. Ìdìbò gbogboogbò kankan kò sì wáyé láàárín méjì. Lẹ́tà ló ṣe é. Sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpínlẹ̀ Kebbi kúrò nínú PDP. Nílẹ̀ wa níbí, Francis Fadahunsi tó ń ṣojú Ìlà Oòrùn Ọ̀ṣun àti Olubiyi Fadeyi tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Ọ̀ṣun náà kúrò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ́nétọ̀ 109 jẹ́ 73, iye yẹn sì ni wọ́n nílò nílé àgbà láti fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹ wá rí i pé lẹ́tà ojú ewé kan kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí, torí níbẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ṣi òfin lò. Abala 68 (1)(g) ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé aṣòfin tí ẹgbẹ́ kan gbé wọlé, tó bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ mìíràn kí àsìkò rẹ̀ tó pé, àga rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àyàfi nǹkan méjì: bí ìpínyà bá wà nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé, tàbí bí ẹgbẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà gbogbo wọn fi jọra bí ìbejì. Olórí ilé á ṣí ìwé, á ka "nítorí ìpínyà tó ń jà rànyìn nínú ẹgbẹ́ wa", àwọn tó ń gbà á lálejò á pàtẹ́wọ́, ó ti parí.

Kí ni ìpínyà? Ṣé ìjà alága wọ́ọ̀dù àti akọ̀wé rẹ̀ ni? Ṣé bí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ bá fọ́ sí méjì ni? Rárá o! Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ wa ló lọ bá wa béèrè ọ̀rọ̀ yìí títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìfẹ́dayọ̀ Abégúndé wọlé lábẹ́ Labour Party lọ́dún 2011 láti ṣojú Gúúsù àti Àríwá Àkúrẹ́ nílé aṣojúṣòfin, ó wá kọjá sínú ACN, ó ní ẹgbẹ́ òun ti pín ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dáhùn ní ọjọ́ 24, oṣù kẹrin, ọdún 2015: ìpínyà tí òfin ń sọ ni èyí tó dé orí ẹgbẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ti ìpínlẹ̀ kan kò tó. Mo ti lo ìdájọ́ yìí débi pé mo lè kà á lójú oorun, mo sì máa ń banú jẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá rí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ilé ìgbìmọ̀ ìgbà náà máa túká. Ìjókòó ọdún mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí òfin tó bá ẹni tó jókòó sórí rẹ̀.

Ẹsẹ kejì abala kan náà ló tún le jù. Ó ní olórí ilé ni yóò mú òfin yìí ṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rí tó tẹ́ ilé náà lọ́rùn kalẹ̀. Ilé wo? Ilé tí ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jèrè èèyàn ti pọ̀ jù ni. Kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2013, aṣojúṣòfin 37 fi PDP sílẹ̀ lọ APC, àwọn APC jó. Lóṣù keje ọdún 2018, ó lé ní sẹ́nétọ̀ mẹ́wàá tó fi APC sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn APC ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹjọ́ yìí, ẹgbẹ́ tó pàdánù aṣòfin náà ni kó sáré wá, kó mú ẹ̀dà tí ilé ìgbìmọ̀ fi òǹtẹ̀ lù nínú àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà, kó sì wá láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di ọdún kẹta ń fi owó ṣòfò.

Lẹ́tà nìkan kọ́ ló ń yí iye padà. Ẹ wo àga Gúúsù Anambra. YPP ló ni ín lọ́jọ́ tí ilé bẹ̀rẹ̀, Ifeanyi Ubah ló jókòó níbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó gbé e lọ sí APC. Oṣù keje ọdún 2024, ó kú. Abala 76 ní láàárín oṣù kan ni kí ìdìbò wáyé láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 2025 ni àwọn èèyàn ibẹ̀ tó rí ìwé ìdìbò. Ó lé ní ọdún kan tí ẹkùn kan gbáko kò fi ní sẹ́nétọ̀.

Ti Plateau ló ń dùn mí jù. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé àwọn aṣòfin PDP ibẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ wọn kò ní ètò tó bófin mu láti fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ó lé gómìnà Caleb Mutfwang náà fún ìdí kan náà. Gómìnà lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n dá a padà sórí àga lóṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ẹgbẹ́ kò kan ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn aṣòfin ńkọ́? Ẹjọ́ ìdìbò tiwọn kì í kọjá kòtẹ́milọ́rùn. Wọ́n ń gbọ́ pé ìdí tí wọ́n fi lé àwọn kò tọ̀nà, àwọn ẹlòmíràn sì ti jókòó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pípe aṣòfin padà. Abala 69 fún yín láṣẹ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó buwọ́ lùwé gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tó *forúkọ sílẹ̀* láti dìbò ní ẹkùn náà lọ, kì í ṣe ìdajì àwọn tó jáde dìbò. Lóṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n gbé ìbuwọ́lù 208,132 wá láti pe Natasha Akpoti-Uduaghan padà ní Àárín Gbùngbùn Kogi. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ 474,554. INEC ní kò tó, ó parí síbẹ̀. Ti Dino Melaye lọ́dún 2018 tilẹ̀ tún burú jù: orúkọ 189,870 ló wà nínú ìwé, nígbà tí INEC ní kí wọ́n jáde wá fi ara hàn, 18,742 ló dúró ti ìbuwọ́lù wọn. Láti ọdún 1999, kò tíì sí aṣòfin àpapọ̀ kan tí wọ́n rí pè padà.

Àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò. Ọ̀kan nínú wọn ló ran àwọn ará ẹkùn tí wọ́n ti bí mi sí mi. Obìnrin olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣáájú wọn, wọ́n gbé páálí mẹ́ta wọlé. "Alámọ̀ràn" wọn, ẹni tí kò ka òfin níbì kankan, ti gba owó wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ó ti kó nọ́ḿbà káàdì ìdìbò wọn, ó tún ní kí wọ́n gbé páálí náà lọ sílé àdúrà fún ọjọ́ méje kí ọkàn INEC lè rọ̀. Òróró ṣì wà lára páálí kejì. Ṣé òróró ló máa ka orúkọ ni? Inú bí mi gan-an, mi ò purọ́.

Mo ṣí páálí àkọ́kọ́. Ìkọ̀wé kan náà láti òkè dé ilẹ̀, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ní ojú ewé kẹfà ni mo ti rí orúkọ ìyá tó bí ìyàwó mi, ìbuwọ́lù gígùn kan wà níwájú rẹ̀. A ti sin màmá lọ́dún méjì sẹ́yìn. Màmá kò sì mọ̀wé kọ láyé rẹ̀, àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń tẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá gbé ìwé yìí síwájú ìjọba, ayédèrú ni òfin máa pè é, ọlọ́pàá kò sì ní béèrè alámọ̀ràn, ẹni tó gbé e wá ni wọ́n máa mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé, "Ẹ ṣáà bá wa gbé e lọ bẹ́ẹ̀." Olùkọ́ náà ní kó dákẹ́. Ó ní kí n yá òun ní bírò, ó fa àga mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilà gba orúkọ àwọn tó mọ̀ pé wọ́n ti kú kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí akọ̀wé mi fẹ́ ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, orí páálí àkọ́kọ́ ló ṣì wà.