Ìdúró Ní Bọ́dà: Ibi Tí Àjọ Ọ̀nà Abidjan sí Èkó Ti Ṣẹ̀

Ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Abidjan kò fi bẹ́ẹ̀ gùn. Nǹkan bíi 1,000 kìlómítà ni, etí òkun ló sì ń tọ̀: Àgbádárìgì, Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Accra, Takoradi, títí tó fi dé Abidjan. Bó bá jẹ́ ti ọ̀nà nìkan ni, awakọ̀ méjì tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn ìbá wà á débẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ṣùgbọ́n kò sí tírélà tó ń rin ọ̀nà yẹn bẹ́ẹ̀. Bọ́dà mẹ́rin ló dábùú rẹ̀. Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké ni ti Nàìjíríà pẹ̀lú Bẹ̀nẹ̀. Hillacondji ni ti Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú Tógò. Kodjoviakopé àti Aflao ni ti Tógò pẹ̀lú Gánà, Elubo àti Noé sì ni ti Gánà pẹ̀lú Côte d'Ivoire. Bọ́dà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́sítọ́ọ̀mù tirẹ̀, ìmígíréṣọ̀n tirẹ̀ àti ọlọ́pàá tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni awakọ̀ ń na ìwé ọkọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni yóò sùn.

Ibi tí tírélà bá ti ń sùn, ọjà á hù níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ á gbé ìkòkò kaná, ẹni tó ń ṣẹ́ sẹ́fà sí náírà á gbé àga rẹ̀ síta, mọ́tò-bọ́ì á tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà á dé, àwọn mìíràn láti ìlú tó jìnnà, torí pé ọkùnrin wà níbẹ̀ tó ti fi ilé sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí owó wà lápò rẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́. Inú ìdúró yìí ni àjọ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti jáde wá.

Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni Abidjan-Lagos Corridor Organisation, ALCO. OCAL ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lónìí á rò pé àwọn tó ń la títì ni, tàbí àwọn tó ń bójú tó owó ẹrù. Éèdì ló bí i.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé éèdì ló pa á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2001, àyẹ̀wò tí ìjọba ń ṣe fún àwọn aláboyún fi hàn pé 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, ní Nàìjíríà. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Côte d'Ivoire ló wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Èyí túmọ̀ sí pé orílẹ̀-èdè tí èrò pọ̀ sí jù ló wà ní ìdí ọ̀nà kan, ọ̀kan nínú àwọn tí àrùn ti jà jù sì wà ní ìdí kejì, tírélà sì ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín wọn lójoojúmọ́.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ní ètò éèdì tirẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n bọ́dà ni iṣẹ́ ètò kọ̀ọ̀kan ti ń parí. Wo awakọ̀ tó ṣe àyẹ̀wò ní Èkó, tí ara rẹ̀ wá daṣẹ́ sílẹ̀ ní Lomé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, Faransé ni nọ́ọ̀sì tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un lóògùn, ta ni yóò bèèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tó bá ti wà ní Takoradi? Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn kankan lójú ọ̀nà náà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àrùn yẹn ń bá rìn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfíríkà pàdé ní Abuja lórí ọ̀rọ̀ éèdì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn Ààrẹ márùn-ún tí ọ̀nà náà gba ilẹ̀ wọn kọjá jọ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò gbógun tì í lójú ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé kò sí bọ́dà láàárín rẹ̀. Ọbásanjọ́ ni ti Nàìjíríà, Kérékou ti Bẹ̀nẹ̀, Eyadéma ti Tógò, Kufuor ti Gánà, Gbagbo ti Côte d'Ivoire. Mẹ́ta nínú wọn ti ṣe olórí ìjọba ológun rí. Èdè méjì ni wọ́n fi ń ṣèjọba, owó mẹ́ta ni wọ́n ń ná, àwọn kan nínú wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìbuwọ́lùwé yẹn sí nǹkan ńlá.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ìwé àdéhùn mìíràn ìbá ti wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ, kí a má tún gbúròó rẹ̀ mọ́. Ti wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2003, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 16.6 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni báńkì náà sábà máa ń bá ṣe àdéhùn, nítorí náà Bẹ̀nẹ̀ ló gba owó náà lórúkọ àwọn márààrún, Kútọnu sì di ibùjókòó àjọ náà.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni irú àwọn tí wọ́n pè wá jókòó. Bó bá jẹ́ dókítà nìkan ni, a ò bá má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹgbẹ́ awakọ̀ wà níbẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣọ́ bọ́dà, àwọn oníṣòwò àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ti mọ ìlú bọ́dà dáadáa náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń pín kọ́ńdọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n ń ran àwọn ilé ìwòsàn tó sún mọ́ bọ́dà lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ àwọn awakọ̀ kan kí wọ́n lè máa bá awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ nira láti gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tí kò tó ọmọ ẹni, àmọ́ bí ẹni tí ẹ jọ sun ojúbọ́dà lánàá bá sọ ọ́, ó máa ń wọlé. Awakọ̀ tó ti ń wa ọkọ̀ fún ogún ọdún kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá là á lóye nípa ìdágbé lójú ọ̀nà. Ohun tó ń wá ni ẹni tí yóò bá a sọ òótọ́ láìfi ojú burúkú wò ó.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ni ìbéèrè kan ń yọjú, tí kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdúró bá ṣì wà bó ṣe wà, kọ́ńdọ́ọ̀mù mélòó ni wọ́n fẹ́ pín tán? Kí ló dé tí tírélà fi ń sun bọ́dà ní tòótọ́?

Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìlera. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Ní ọdún 1982, ní Kútọnu kan náà, wọ́n tún fọwọ́ sí i pé ẹrù tí wọ́n bá ti di èdìdì rẹ̀ ní ibi tó ti gbéra, kí ẹnikẹ́ni má tú u wò mọ́ lójú ọ̀nà. Inú ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà. Lójú títì, igi àti okùn ni wọ́n ń nà dí ọ̀nà, ọwọ́ ń na wọ inú fèrèsé ọkọ̀, awakọ̀ tí kò bá ní ẹ̀gúnjẹ á sì wà níbẹ̀ títí wọn á fi ráyè tirẹ̀. Gbogbo ìyá aláṣọ tó ti bá ọkọ̀ lọ sí ọjà Lomé rí ló mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ń ka owó bọ́dà mọ́ owó aṣọ kí wọ́n tó kúrò nílé.

Bẹ́ẹ̀ ni iye wákàtí tí tírélà ń lò ní bọ́dà ṣe di nǹkan tí àjọ tó wá gbógun ti éèdì ń kà. Nígbà tí owó àkọ́kọ́ tán, Global Fund, àpò owó àgbáyé tó ń gbógun ti éèdì, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà, bá wọn gbé iṣẹ́ éèdì náà lọ síwájú. Ní ọdún 2010, Báńkì Àgbáyé tún gbé ètò tó tóbi jù ú lọ kalẹ̀ fún òwò àti ìrìnnà lójú ọ̀nà kan náà. Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ALCO sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní àjọ náà ti yà kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀. Èmi kò gbà. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ló dé.

Ní ọdún 2014, àwọn márààrún fọwọ́ sí àdéhùn ní Yamoussoukro láti la ọ̀nà ńlá tuntun láti Abidjan dé Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni Ebola dé Èkó, bàálù ló sì gbé e wá. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì parí. Ọdún 2018 ni Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti Bẹ̀nẹ̀ jọ ṣí ilé bọ́dà àjùmọ̀lò ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, tí owó àjọ ilẹ̀ Yúróòpù wà nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ lè dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti àwọn bọ́dà orí ilẹ̀ rẹ̀ pa nítorí ìrẹsì àti epo tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ gbé. Ilé tuntun náà wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀nà wà ní títì.

Orí ìyẹn ni kòrónà bá wa. Tógò ti bọ́dà rẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún 2020, Gánà tẹ̀ lé e lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ ẹrù lè kọjá, èrò kò gbọdọ̀ kọjá. Lórí ìwé, ó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti ẹrù nìkan. Láti ayébáyé ni àwọn ará Ẹ̀jìgbò ti ń ṣòwò ní Abidjan, bọ́ọ̀sì ń gbé wọn tààrà, Faransé sì ń dún nínú ọjà Ẹ̀jìgbò bí Yorùbá. Ní ìparí oṣù kẹta náà, ènìyàn 127 tó ti Côte d'Ivoire bọ̀ wọ Ọ̀ṣun. Ìjọba ìpínlẹ̀ kó wọn sí ibi ìyàsọ́tọ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn náà wà lára àwọn kan nínú wọn. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ní wọ́n ti tì, wọ́n délé. Kí lèèyàn ìbá ṣe, tí ọjà ti dákẹ́ níbi tó wà, tí owó ilé ń pè é, tí ìyá rẹ̀ sì wà ní Ẹ̀jìgbò? Ìlẹ̀kùn iwájú tí wọ́n tì ló sọ ọ̀nà ẹ̀bùrú di títì márosẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọn ìgbóná ara ènìyàn nínú ìgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ éèdì ni àwọn tó wà nídìí ètò ìrìnnà wá padà sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn mínísítà ECOWAS jókòó lórí ìlànà kan ṣoṣo fún gbogbo bọ́dà, kí ọkọ̀ ẹrù lè máa rìn, kí àyẹ̀wò àwọn awakọ̀ sì bá ara mu láti bọ́dà dé bọ́dà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olórí ECOWAS ní kí owó àyẹ̀wò kòrónà má ju 50 dọ́là lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n rò ó dáadáa. Síbẹ̀, 50 dọ́là lè ju èrè ìyá tó ń gbé ẹja gbígbẹ láti Aflao lọ sí Lomé lọ, òun kan náà kò sì lè lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kó rí ọmọ bọ́.

Nàìjíríà ṣí Sẹ̀mẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Gánà ṣí bọ́dà orí ilẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, Tógò ṣí tirẹ̀ nínú oṣù karùn-ún. Ó ti lé ní ọdún méjì kí ìyá ẹlẹ́ja tó tún lè gbé agbọ̀n rẹ̀ karí ní Aflao, kó gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù wọ Lomé lójú ọ̀sán.