Ìtají ọpọlọ látòde: ẹ yé pè é ní "ìwúrí ọpọlọ"

Máṣíìnì kan wà tí wọ́n ń gbé lé orí èèyàn láti jí apá kan nínú ọpọlọ ẹ̀, kó lè bọ́ nínú bárakú bíi sìgá; "non-invasive brain stimulation" ni wọ́n ń pè é lóyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe nǹkan yìí ní "ìwúrí ọpọlọ aláìyabo"? Ìwúrí ni ohun tó ń mú orí èèyàn wú, kí ló kan máṣíìnì ńbẹ̀? Ṣójà ló sì ń ya bo ìlú, dókítà kì í ya bo orí ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń pè é ní "ṣọ́ọ̀kì" ló tún burú jù, aláìsàn á ti rò pé iná NEPA ni wọ́n fẹ́ fi kan òun lórí, á sì sá lọ.

Tèmi ni ìtají ọpọlọ látòde. Látòde, torí wọn ò gé awọ orí, wọn ò lu agbárí, wọn ò tiẹ̀ gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oorun. Ìtají ńkọ́? Ẹ wo àwọn ajísààrì nígbà ààwẹ̀, ìta ni wọ́n wà, wọn ò já ilẹ̀kùn, ìlù ni wọ́n ń lù tẹ́ni tó sùn ní yàrá fi ń tají, òun fúnra ẹ̀ ló máa dìde jẹun. Lóru ọjọ́ kìíní ó lè má jí o, àmọ́ tí wọ́n bá ń wá lóòrèkóòrè ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là fúnra ẹ̀. Wáyà tí wọ́n ká tí wọ́n gbé lé orí ni ìlù yẹn, agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni dídún ẹ̀, apá ọpọlọ tó yẹ kó máa sọ pé "ó tó" ló ń jí. Láti 1985 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Anthony Barker, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ṣe é ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la ti mọ̀ pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ń wọ inú ọpọlọ: wọ́n gbé wáyà náà lé èèyàn lórí, ọwọ́ ẹni náà sì ta pọ́ún láìjẹ́ pé òun ló mì ín. Títí dòní, àtàǹpàkò tó ń ta yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára tó tó aláìsàn. Èyí tó ń lo iná díẹ̀ láti inú bátìrì dípò mágínẹ́ẹ̀tì náà wà, orúkọ kan náà gbà á.

Àwọn kan tún ní ká má pe "addiction" ní bárakú, pé ó jọ ohun téèyàn máa bá kú. Ẹ gbọ́, ní August 2020 FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí máṣíìnì mágínẹ́ẹ̀tì yìí fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá. Àwọn 262 tó ń fa sìgá ni wọ́n fi dán an wò, 18 ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi àwòrán sìgá hàn wọ́n kí ọkàn wọn fà sí i kí wọ́n tó tan máṣíìnì. Nínú àwọn tó parí ẹ̀, 28 nínú 100 ló lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko láìfa sìgá. Àwọn tí wọ́n gbé máṣíìnì tí ò ṣiṣẹ́ lé lórí, bíi 12 péré. Tí bárakú bá túmọ̀ sí ohun tí ò ṣeé bọ́ nínú ẹ̀, àwọn 28 yẹn ńkọ́?